Kí Ẹ Tó Dáhùn Pé “Mo Gbà”: Bí Ìdúnàádúrà Owó Oṣù Ṣe Ń Lọ Nígbà Tí Iṣẹ́ Tuntun Bá Dé

Ní ọdún 2023, Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù gbé òfin kan jáde tó ní kí agbanisíṣẹ́ jẹ́ kí ẹni tó ń wá iṣẹ́ mọ iye owó tó wà fún iṣẹ́ náà, tàbí, ó kéré tán, ibi tí iye náà ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí, kí àwọn méjèèjì tó jókòó sọ̀rọ̀ owó. Òfin náà tún ní agbanisíṣẹ́ kò gbọdọ̀ béèrè iye tí ẹni náà ń gbà níbi tó ti ń bọ̀. Wọ́n fún àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú àjọ náà di ọjọ́ 7, oṣù Kẹfà, ọdún 2026, láti sọ ọ́ di òfin nínú ìlú wọn. Ṣáájú ìgbà náà, àwọn ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà ti ní irú òfin tó ní kí wọ́n máa kọ iye owó sínú ìpolówó iṣẹ́: ti Colorado bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2021, ti California àti ti Washington sì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2023.

Ìròyìn àwọn òfin wọ̀nyí ti da ọ̀pọ̀ èèyàn rú. Àwọn kan rò pé òfin ti fòpin sí ìdúnàádúrà, pé iye tí wọ́n bá kọ sílẹ̀ ti di kànńpá. Àwọn mìíràn rò pé iye tó ga jù lọ nínú ìpolówó ni ẹ̀tọ́ gbogbo ẹni tí wọ́n bá gbà. Àwọn kan sì wà tí wọn kò mọ̀ rárá pé èèyàn lè fèsì sí iye tí wọ́n fi lọ̀ ọ́. Lójú tiwọn, ẹni tó bá fẹnu kan owó oṣù ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ lé iṣẹ́ lọ ni.

Kókó kan ni gbogbo àlàyé tó wà nísàlẹ̀ yìí dúró lé. Àkókò kan wà, tó kúrú gan-an, láàárín ìgbà tí agbanisíṣẹ́ bá ti sọ pé “ẹ̀yin la yàn” àti ìgbà tí ẹni tí wọ́n yàn bá dáhùn pé “mo gbà”. Nínú àkókò yìí, ọ̀rọ̀ ẹni tó ń wá iṣẹ́ wúwo ju bó ṣe wúwo kó tó dé ibẹ̀ lọ, ó sì wúwo ju bó ṣe máa wúwo lẹ́yìn náà lọ.

Kí ni ìdúnàádúrà owó oṣù, ìgbà wo ló sì ń wáyé?

Ìfilọ̀ iṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ tàbí ìwé tí agbanisíṣẹ́ fi ń sọ fún ẹnì kan pé òun fẹ́ gbà á síṣẹ́, pé iye báyìí lòun máa san, àti pé àwọn àdéhùn báyìí ló rọ̀ mọ́ ọn. Ìdúnàádúrà ni ìjíròrò tó ń tẹ̀ lé e, tí àwọn méjèèjì fi ń wá iye tí ọkàn kálukú wọn lè gbà. Títí ẹni tí wọ́n fi iṣẹ́ lọ̀ á fi fọwọ́ sí i, àbá ni ohun tó wà nínú ìwé náà, ẹni tó sì dá àbá mọ̀ pé wọ́n lè dá àbá mìíràn padà fún òun.

Àwọn èèyàn máa ń fi í wé nínájà, ìfiwéra náà sì bá a mu dé ìwọ̀n kan, nítorí ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà ló mọ̀ pé iye àkọ́kọ́ kì í ṣe ibi tí ọ̀rọ̀ máa parí sí. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni pé ẹni tó rajà máa gbé ọjà rẹ̀ lọ, ó sì lè má fojú kan ẹni tó tà á fún un mọ́ láéláé, ṣùgbọ́n ẹni tó dúnàádúrà owó oṣù máa bá ẹni tí wọ́n jọ dúnàádúrà ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ ọjọ́ Ajé tó bá dé ibẹ̀. Nítorí náà, ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ tó lè bá ọjà mu kò bá ibí yìí mu.

Kí wọ́n tó yan ẹnì kan, àwọn tó wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ṣì pọ̀; ẹni tó bá gbé ọ̀rọ̀ owó síwájú nígbà náà ń bá àwọn tí kò tíì mọ iyì rẹ̀ sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn tó bá sì ti gbà, kò sí ohun tó kù tó lè fi ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn. Láàárín méjèèjì, agbanisíṣẹ́ ti fi ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ka ìwé, ó ti bi èèyàn ní ìbéèrè, ó ti dá àwọn kan padà sílé. Bí ẹni tó yàn bá lọ, àfi kó padà sọ́dọ̀ ẹni tó ṣe ipò kejì, tàbí kó tún bẹ̀rẹ̀ látòkèdélẹ̀.

Owó wo gan-an ni wọ́n ń dárúkọ?

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èdè àìyedè ti ń bẹ̀rẹ̀. Owó oṣù kíkún ni iye tó wà nínú ìwé kí wọ́n tó yọ ohunkóhun nínú rẹ̀. Owó tó dé ọwọ́ ni èyí tó kù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ owó orí, owó ìfẹ̀yìntì àti àwọn owó mìíràn tí òfin ní kí wọ́n yọ. Ẹ̀kẹta ni àpapọ̀ èrè iṣẹ́, ìyẹn owó oṣù kíkún pẹ̀lú gbogbo ohun mìíràn tó ní iye lórí: owó àjẹmọ́nú ilé àti ti ọkọ̀, owó ẹ̀bùn ìparí ọdún, iye tí agbanisíṣẹ́ ń fi kún owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́, ètò ìlera adójútòfò, ọjọ́ ìsinmi tí wọ́n ń sanwó fún, àti ìpín nínú ilé iṣẹ́ náà, bó bá jẹ́ irú èyí tó ń fún òṣìṣẹ́ ní ìpín.

Àwọn ilé iṣẹ́ kan máa ń dárúkọ owó ọdún, àwọn mìíràn máa ń dárúkọ ti oṣù. Ẹni tó ń ronú owó tó dé ọwọ́, tó wá ń bá ẹni tó ń ronú owó ọdún kíkún sọ̀rọ̀, lè gbà pẹ̀lú ẹ̀rín kó tó mọ̀ nígbà tí owó oṣù àkọ́kọ́ bá wọlé pé ohun tí òun ń rò kọ́ nìyẹn. Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó yẹ kó jáde lẹ́nu èèyàn ni: ṣé ti ọdún ni iye yìí àbí ti oṣù, ṣé kí wọ́n tó yọ owó orí ni àbí lẹ́yìn rẹ̀, kí ló sì wà nínú rẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ méjì. Ká ní owó ọdún ti àkọ́kọ́ jẹ́ 100, irú owó ilẹ̀ yòówù kó jẹ́. Agbanisíṣẹ́ ń fi 8 kún owó ìfẹ̀yìntì, ó sì ń san 5 fún ètò ìlera. Ti èkejì jẹ́ 106, ṣùgbọ́n 3 péré ló ń fi kún owó ìfẹ̀yìntì, kò sì sí ètò ìlera rárá. Ẹni tó bá wo owó oṣù nìkan á mú èkejì, bẹ́ẹ̀ 113 ni àpapọ̀ àkọ́kọ́, tí èkejì sì jẹ́ 109. Síbẹ̀, èmi kì í gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti ka owó ẹ̀bùn ìparí ọdún mọ́ owó tó dájú, nítorí ilé iṣẹ́ lè ní òun kò jèrè lọ́dún yìí, kó má san án.

Owó oṣù gan-an ló yẹ kí èèyàn kọ́kọ́ gbájú mọ́, nítorí òun ni wọ́n sábà máa ń fi ṣírò àfikún ọdọọdún. Ká ní wọ́n fi 100 lọ ẹnì kan, ó sì sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi gbé e dé 108. Bí àfikún bá jẹ́ ìdá 5 nínú 100 lọ́dọọdún, ìyàtọ̀ 8 ti ọdún àkọ́kọ́ á di 8.4 ní ọdún kejì, á sì máa ga sí i bẹ́ẹ̀, débi pé bí a bá ro ìyàtọ̀ ọdún mẹ́wàá pọ̀, ó máa lé díẹ̀ ní 100. Owó ọdún kan gbáko nìyẹn, láti inú ìjíròrò tó ṣeé ṣe kó má gùn ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ.

Ta ló ń pinnu iye tí wọ́n fi ń lọni?

Nínú ilé iṣẹ́ tó bá ti tóbi díẹ̀, ó ṣọ̀wọ́n kí ọ̀gá kan kàn ronú iye kan láti inú ara rẹ̀. Wọ́n ti pín àwọn iṣẹ́ sí ìpele, ìpele kọ̀ọ̀kan sì ní gbèdéke ìsàlẹ̀ àti gbèdéke òkè. Bí gbèdéke iṣẹ́ kan bá jẹ́ láti 90 dé 120, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé kì í sábà rí 120, nítorí wọ́n fẹ́ kí àyè ṣì wà fún àfikún lọ́jọ́ iwájú, wọn kò sì fẹ́ kí àlejò máa gba owó ju àwọn tó ti wà níbẹ̀ tipẹ́ lọ. Ohun tí àwọn òfin tuntun tí mo mẹ́nu bà lókè ń ṣe ni pé wọ́n ń jẹ́ kí ẹni tó wà níta rí gbèdéke tó jẹ́ pé àwọn tó wà nínú nìkan ló ń rí i tẹ́lẹ̀. Ibi tí èèyàn máa dúró sí láàárín 90 àti 120 ṣì kù láti sọ̀rọ̀ lé lórí. Kódà, ìbéèrè tó dára gan-an láti bi wọ́n ni pé: “Irú ìrírí wo ni ẹni tó wà ní ìdajì òkè gbèdéke yìí máa ń ní?” Ìdáhùn wọn á sọ ohun tó yẹ kí ẹ tọ́ka sí nínú iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe.

Ohun mìíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kíyè sí. Ẹni tó ń pè yín lórí fóònù, tó sábà máa ń wá láti ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, lè má ní agbára láti yí iye náà padà fúnra rẹ̀. Ó máa gbé ọ̀rọ̀ yín lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá ẹ̀ka tí ẹ fẹ́ bá ṣiṣẹ́, nígbà mìíràn sọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣọ́ àpò ilé iṣẹ́, ẹ̀yin kò sì ní sí níbẹ̀ nígbà tó bá ń sọ ọ́. Ohun tó bá lè rántí, tó sì lè tún sọ ní gbólóhùn méjì láìtijú, ni ohun tó máa dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ní agbára. “Ó ní owó náà kéré” kò lè lọ jìnnà. “Ó ti ṣe àkóso irú iṣẹ́ yìí rí fún ọdún mẹ́fà, àwọn ilé iṣẹ́ tó jọ tiwa sì ń san tó 115” lè dé ibi tó ń lọ.

Báwo ni èèyàn ṣe ń mọ iye tó yẹ kó béèrè?

Ìpolówó iṣẹ́ tó ní iye nínú ló rọrùn jù láti fi bẹ̀rẹ̀, ní pàtàkì nísinsìnyí tí òfin ti ń mú kí wọ́n pọ̀ sí i. Ẹ kó bíi mẹ́wàá jọ fún irú iṣẹ́ kan náà, ní ìpele kan náà. Àwọn ibùdó bíi Glassdoor wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí òṣìṣẹ́ fúnra wọn ti ń kọ iye tí wọ́n ń gbà láìdárúkọ ara wọn. Àwọn àjọ ìjọba tó ń ṣe ìṣirò, bíi Bureau of Labor Statistics ní Amẹ́ríkà àti Office for National Statistics ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, máa ń tẹ owó oṣù oríṣiríṣi iṣẹ́ jáde. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ kan náà náà máa ń mọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó tó kí èèyàn béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ náà lójúkojú. Ọ̀pọ̀ èèyàn kò fẹ́ sọ iye tí àwọn fúnra wọn ń gbà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá béèrè pé, “Ẹ̀gbọ́n, bí wọ́n bá fi 100 lọ̀ mí fún iṣẹ́ yìí, ṣé ó bójú mu?”, wọ́n á dáhùn.

Láti inú gbogbo èyí, iye mẹ́ta ló yẹ kó wà lórí ìwé kí ẹ tó gbé fóònù. Ọ̀kan ni ìsàlẹ̀ pátápátá, tó jẹ́ pé bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ máa kọ iṣẹ́ náà. Èkejì ni iye tí ọkàn yín máa balẹ̀ sí. Ẹ̀kẹta ni iye tí ẹ máa dárúkọ, tó ga ju èkejì lọ díẹ̀, àmọ́ tí ẹ lè ṣàlàyé rẹ̀ láìkọsẹ̀. Ohun tó ń pinnu ìsàlẹ̀ ni ohun tí ẹ ní lọ́wọ́ bí ọ̀rọ̀ náà bá bàjẹ́. Ẹni tó ṣì ní iṣẹ́, tàbí tí iṣẹ́ mìíràn ti fi owó lọ̀, lè gbé ìsàlẹ̀ rẹ̀ sókè. Ẹni tí kò níṣẹ́ láti ìgbà pípẹ́ gbọ́dọ̀ bá ara rẹ̀ sọ òótọ́. Òótọ́ yẹn kò ní kó má béèrè o. Ohun tó kàn túmọ̀ sí ni pé bí wọ́n bá ní àwọn kò lè fi kún un, ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé òun máa gbà á.

Ta ló yẹ kó kọ́kọ́ dárúkọ iye?

Àwọn onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá méjì, Amos Tversky àti Daniel Kahneman, ṣe ìdánwò kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1974. Wọ́n yí àgbá kẹ̀kẹ́ kan tó ní nọ́ńbà láti 0 dé 100 lójú àwọn èèyàn, wọ́n sì ti ṣètò rẹ̀ kó máa dúró lórí 10 tàbí 65 nìkan. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí wọ́n sọ ìdá mélòó nínú 100 àwọn orílẹ̀-èdè inú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ló jẹ́ ti Áfíríkà. Iye tó wà láàárín gbùngbùn ìdáhùn àwọn tó rí 10 jẹ́ 25; ti àwọn tó rí 65 jẹ́ 45. Àgbá náà kò mọ nǹkan kan nípa Áfíríkà, àwọn tó ń wò ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ nọ́ńbà tí wọ́n kọ́kọ́ rí fa ìdáhùn wọn sọ́dọ̀ ara rẹ̀.

Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ owó. Iye tí ẹnikẹ́ni bá kọ́kọ́ gbé kalẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tó kù máa ń rọ̀ mọ́. Nítorí náà, àwọn kan ní ẹni tó ń wá iṣẹ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kó lè fa iye náà sókè. Àwọn mìíràn ní kó dákẹ́, nítorí ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, kò ṣeé kó: bó bá ní òun fẹ́ 90, tí wọ́n sì ti múra láti san 105, kò sí ẹni tó máa bá a fi 15 kún un.

Èrò tèmi ni pé ìmọ̀ ló ń pinnu rẹ̀. Bí ẹ bá mọ iye tí iṣẹ́ náà ń lọ dáadáa, ẹ dárúkọ tiyín, kó ga, kó sì ní ìdí. Bí ẹ kò bá mọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ tiwọn. Bí fọ́ọ̀mù bá fi dandan lé e pé kí ẹ kọ iye tí ẹ ń fẹ́, tó sì gba ọ̀rọ̀, ẹ lè kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ fẹ́ mọ iṣẹ́ náà dáadáa kí ẹ tó dárúkọ iye. Bó bá jẹ́ nọ́ńbà nìkan ló gbà, ẹ kọ iye kẹta tí mo sọ lókè. Ẹ má ṣe sọ pé “láti 100 sí 115”, nítorí 100 nìkan ni etí agbanisíṣẹ́ máa gbọ́.

Bí wọ́n bá béèrè iye tí ẹ ń gbà tẹ́lẹ̀ ńkọ́?

Massachusetts ni ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà tó ṣòfin, ní ọdún 2016, pé agbanisíṣẹ́ kò gbọdọ̀ béèrè èyí kó tó fi owó lọ èèyàn, òfin náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2018. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹni tí wọ́n ti san owó tó kéré fún lẹ́ẹ̀kan máa ń gbé ìyà náà kiri láti ibi iṣẹ́ kan dé òmíràn. Níbi tí irú òfin bẹ́ẹ̀ kò bá sí, ẹ lè fi sùúrù yí ọ̀rọ̀ náà sí iṣẹ́ tó wà níwájú: “Iṣẹ́ tí mo ń ṣe níbẹ̀ yàtọ̀ sí èyí, sà, iye tó bá bá ẹrù iṣẹ́ yìí mu ni màá fẹ́ ká jọ sọ.” Bí wọ́n bá tẹnu mọ́ ọn, ẹ sọ òótọ́ tàbí kí ẹ kọ̀ láti sọ. Irọ́ ni kò dára, nítorí àwọn ilé iṣẹ́ kan máa ń béèrè ìwé owó oṣù ẹ̀yìn, ẹni tí wọ́n bá sì ká irọ́ mọ́ lọ́wọ́ lè pàdánù iṣẹ́ náà lẹ́yìn tó ti bẹ̀rẹ̀ pàápàá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹni tó ń fi iṣẹ́ mìíràn tí kò sí níbì kankan halẹ̀. Wọ́n lè ní kó máa lọ síbẹ̀.

Kí ni èèyàn máa ń sọ gan-an?

Ẹ jẹ́ ká wo ẹnì kan tó jẹ́ oníṣirò owó, tí ilé iṣẹ́ kan pè lórí fóònù pé òun ni wọ́n yàn, pé owó ọdún rẹ̀ jẹ́ 100. Ìdáhùn tó dára kò gùn:

“Ẹ ṣeun gan-an ni, mà. Inú mi dùn, iṣẹ́ náà sì wù mí. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè kọ gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, kí n kà á dáadáa, kí n sì fún yín lésì lọ́jọ́ Ẹtì?”

Ó dúpẹ́, ó fi hàn pé òun fẹ́ iṣẹ́ náà, kò gbà, kò sì kọ̀. Ó tún dá ọjọ́ tí èsì máa dé, kí ọkàn agbanisíṣẹ́ má bàa máa fò. Nígbà tó ka ìwé náà tán, ó fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́:

“Ẹ kú iṣẹ́, mà. Mo dúpẹ́ fún ìwé tí ẹ fi ránṣẹ́, mo sì ti kà á tán. Àwọn àdéhùn tó kù tẹ́ mi lọ́rùn. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò ni owó ọdún. Nígbà tí a jọ sọ̀rọ̀, ẹ ṣàlàyé fún mi pé ẹni tó bá wà ní ipò yìí ló máa ṣe àkóso ìṣirò owó ẹ̀ka méjì, tí yóò sì máa kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tuntun mẹ́rin. Irú iṣẹ́ yìí ni mo ti ń ṣe láti ọdún mẹ́fà, ìpolówó irú ipò bẹ́ẹ̀ tí mo sì rí lẹ́nu àìpẹ́ yìí wà láàárín 105 àti 118. Bí ẹ bá lè gbé e dé 112, màá fọwọ́ sí ìwé náà lọ́sẹ̀ yìí.”

Ẹ kíyè sí ohun tí kò sí nínú lẹ́tà náà. Kò sọ̀rọ̀ owó ilé, kò sọ̀rọ̀ owó ilé ìwé ọmọ, kò ní gbogbo nǹkan ti wọ́n. Òótọ́ ni gbogbo ìyẹn lè jẹ́, ṣùgbọ́n agbanisíṣẹ́ ń ra iṣẹ́ ni, ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ náà sì ní ìnáwó tirẹ̀. Ìdí tó wà nínú lẹ́tà náà wá láti ẹnu agbanisíṣẹ́ fúnra rẹ̀, láti inú ìrírí ẹni tó kọ ọ́, àti láti inú ohun tí àwọn mìíràn ń san. Ó dárúkọ iye kan pàtó, ó sì fi gbólóhùn ìkẹyìn fi ọkàn wọn balẹ̀: bí wọ́n bá ṣe é, ọ̀rọ̀ ti parí.

Bó bá jẹ́ ojúkojú tàbí lórí fóònù ni, ibi tó ṣòro jù lọ ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó máa ń tẹ̀ lé iye tí èèyàn dárúkọ. Ẹ̀rù á bà á, á ní “àmọ́ bí kò bá ṣeé ṣe, kò sí wàhálà”, á sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa iye náà wálẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dá a lóhùn. Ẹ dárúkọ rẹ̀, kí ẹ sì pa ẹnu mọ́. Ẹni tó dákẹ́ ní ìhà kejì lè jẹ́ pé ó ń kọ ọ́ sílẹ̀ ni.

Ká ní wọ́n dáhùn pé 105 ni àwọn lè dé. Ẹ lè bi wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i bóyá ibẹ̀ ló ga jù fún ipò náà, tàbí bóyá wọ́n lè gbé e dé 108 kí àyẹ̀wò owó sì tún wáyé lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ti tó. Lílọ-bíbọ̀ ẹ̀ẹ̀mejì kò burú. Ẹni tó bá dé ẹ̀kẹrin, tó sì ń mú ohun tuntun wá nígbà kọ̀ọ̀kan, ń kọ́ wọn bí ó ṣe máa rí láti bá a ṣiṣẹ́.

Ṣé wọn kò ní torí rẹ̀ gba iṣẹ́ náà padà?

Ó máa ń ṣẹlẹ̀, àmọ́ kò wọ́pọ̀, ó sì sábà máa ń ní ohun tó fà á. Ó lè jẹ́ pé ẹni náà ti gbà tẹ́lẹ̀ kó tó tún padà wá béèrè, tàbí pé ó fi ìhàlẹ̀ sọ ọ́, tàbí pé iye tó dárúkọ jìnnà sí ohun tí wọ́n ní débi tí wọ́n fi gbà pé kò ní pẹ́ kó tó lọ. Ẹni tó bá béèrè lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ àti ìdí, “rárá” ni ohun tó burú jù tó sábà máa ń gbọ́, iye àkọ́kọ́ á sì ṣì wà níbẹ̀. Bí ilé iṣẹ́ kan bá lè bínú torí lẹ́tà bí èyí tó wà lókè yìí, ó ti fi ìwà rẹ̀ hàn yín kí ẹ tó wọlé.

Ṣé bákan náà ni ọ̀rọ̀ yìí rí fún ọkùnrin àti obìnrin?

Kò rí bákan náà. Linda Babcock, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ní yunifásítì Carnegie Mellon, yẹ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè ìkejì ní ilé ẹ̀kọ́ náà wò, ó sì rí i pé ìdá 57 nínú 100 àwọn ọkùnrin ló béèrè ju iye tí wọ́n fi lọ̀ wọ́n, nígbà tí àwọn obìnrin jẹ́ ìdá 7 péré. Ó rọrùn láti ti ibẹ̀ sọ pé kí obìnrin kàn máa béèrè. Ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ ìwádìí tí òun pẹ̀lú Hannah Riley Bowles àti Lei Lai tẹ̀ jáde ní ọdún 2007, ó hàn pé ojú tí wọ́n fi ń wo obìnrin tó béèrè máa ń le ju èyí tí wọ́n fi ń wo ọkùnrin lọ, pàápàá bí ẹni tó ń dájọ́ bá jẹ́ ọkùnrin. Ìbẹ̀rù tí ọ̀pọ̀ obìnrin ní kì í ṣe àròsọ, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí rẹ̀.

Ohun tó fi mí lọ́kàn balẹ̀ díẹ̀ ni ìdánwò tí àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì, Andreas Leibbrandt àti John List, ṣe pẹ̀lú àwọn tó ń wá iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2,500. Níbi tí ìpolówó kò ti sọ bóyá owó ṣeé dúnàádúrà, àwọn ọkùnrin ló béèrè jù. Níbi tí ó ti sọ ọ́ kedere pé ó ṣeé dúnàádúrà, ìyàtọ̀ náà pòórá. Nítorí náà, bí ìpolówó bá dákẹ́ lórí rẹ̀, ẹ ṣáà béèrè tààràtà: “Ṣé àyè wà láti sọ̀rọ̀ lórí iye yìí?” Ìbéèrè lásán ni, kò sì tíì dárúkọ iye kankan.

Bí owó náà kò bá ṣeé yí padà ńkọ́?

Àwọn iṣẹ́ kan wà tí àtẹ owó oṣù wọn ti wà nílẹ̀, pàápàá iṣẹ́ ìjọba àti ibi tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ti fọwọ́ sí àdéhùn fún gbogbo èèyàn. Níbẹ̀, ibi tí wọ́n fi yín sí lórí àtẹ ni ẹ lè sọ̀rọ̀ lé lórí. Nínú iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, fún àpẹẹrẹ, àtẹ tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ wà lórí rẹ̀ ní ìpele 15, ìpele kọ̀ọ̀kan sì ní àtẹ̀gùn 10. Àtẹ̀gùn kìn-ín-ní ni wọ́n sábà máa ń fi ẹni tuntun sí, ṣùgbọ́n òfin gba kí wọ́n fi ẹni tí ìmọ̀ rẹ̀ ta yọ sí ibi tó ga jù bẹ́ẹ̀, kìkì pé wọ́n gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹni tí kò bá béèrè títí ó fi wọlé ti pẹ́ jù.

Níbòmíràn, ọjọ́ ìsinmi, ṣíṣe iṣẹ́ láti ilé ní ọjọ́ díẹ̀ lọ́sẹ̀, owó ìkẹ́kọ̀ọ́, owó tí wọ́n ń fún ẹni tó ń kó wá láti ọ̀nà jíjìn, àti orúkọ ipò máa ń rọrùn fún agbanisíṣẹ́ ju owó oṣù lọ. Ẹ yan ọ̀kan tàbí méjì tó ṣe pàtàkì sí yín ní tòótọ́.

Kí ló kù lẹ́yìn tí ẹ bá ti fẹnu kò?

Ìwé ló kù. Ẹ ní kí wọ́n tún ìwé náà kọ pẹ̀lú iye tuntun, kí ẹ sì wò ó bóyá ohun gbogbo tí wọ́n sọ lẹ́nu wà níbẹ̀: iye náà àti bóyá ti ọdún ni, orúkọ ipò, ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀, àyẹ̀wò owó tí wọ́n ṣèlérí pé ó máa wáyé lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, bí àkókò tí wọ́n fi ń dán òṣìṣẹ́ tuntun wò ṣe gùn tó. Ọ̀gá tó ṣèlérí lẹ́nu lè ti kúrò níbẹ̀ nígbà tí oṣù mẹ́fà bá pé, ẹni tó bá sì gba ipò rẹ̀ kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ẹ má ṣe kọ̀wé fi iṣẹ́ tí ẹ wà sílẹ̀ títí ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí á fi dé ọwọ́ yín. Bí ó bá sì wà nínú ìwé náà pé wọ́n ṣì máa yẹ ìwé ẹ̀rí tàbí ìlera yín wò kí àdéhùn tó fìdí múlẹ̀, ẹ dúró kí àyẹ̀wò náà parí kí ẹ tó sọ fún ọ̀gá yín níbi iṣẹ́ pé ẹ ń lọ.